Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀ka Igi Màmá Alphéda

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, inú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń jókòó sí, tí a ó máa fi bọ́tà jẹ ploye gbígbóná, àkàrà pẹlẹbẹ tí a ń fi ìyẹ̀fun dín. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Màmá Alphéda Daigle ń jẹun dáadáa, wọ́n sì ń fi Odile, ìyàwó ọmọ wọn, ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kọfí nìyí! Ti Odile kò yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fi ṣan bàtà."

Odile rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ lè mu èyíkéyìí, Màmá. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń bì láàárọ̀ yìí?"

Ló bá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n Corinne, ẹ bá mi wò ó. Nílé, orí á máa fọ́ wọn, òòyì á máa kọ́ wọn. Tí a bá ti jáde, ara wọn á yá. Tí a bá tún ti padà délé, ó dé nìyẹn."

Mo gbé ploye ọwọ́ mi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi náà ni mo sì máa ń bá àwọn panápaná abúlé wa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Mo mọ ohun tó ń fọ́ èèyàn lórí nílé tó sì ń fi í sílẹ̀ níta.

"Odile, yàrá wo ni Màmá ń sùn?"

"Ti ìsàlẹ̀, lápá ibi tí oòrùn kì í dé."

"Páìpù èéfín ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín móoru ńkọ́? Ibo ló gbà jáde?"

"Apá ibẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i báyìí, ẹ̀ka igi ti bò ó."

Gbogbo wa la ní ẹ̀ka igi yìí. Kí òtútù tó dé la ti máa ń gé e nínú igbó, tí a ó sì tò ó yí ẹsẹ̀ ilé ká kí atẹ́gùn má baà ráyè wọlé. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni, ó sì dára. Àmọ́ wọ́n fi èèwọ̀ kan kún un: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó o kúrò kí yìnyín orí odò tó fọ́. Ẹni tó bá tètè kó o, wọ́n á ní ó ń ránṣẹ́ pe òtútù padà. Lọ́dún yìí, òjò dídì ti ń yọ́ lórí gbogbo òrùlé, ṣùgbọ́n odò kò tíì mira.

Mo tẹ̀ lé wọn délé. Réal, ọmọ Màmá, bá mi níbi tí mo ti ń yí ilé ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ra ilé wa ni?"

"Má bá mi ṣeré, Réal. Wo yìnyín tó já láti orí òrùlé yín, ó ti tẹ ẹ̀ka igi yìí pẹlẹbẹ. Jẹ́ ká kó o kúrò ká lè wo páìpù."

"Èmi fúnra mi ni mo dá àyè sílẹ̀ fún páìpù yẹn."

"Ìgbà wo lo wò ó gbẹ̀yìn?"

Màmá ló dáhùn láti inú mọ́tò.

"Ẹ fi ẹ̀ka igi mi sílẹ̀ o! Odò ṣì dì. Bàbá Réal kò kó o rí kí yìnyín tó lọ. Àbí ìwọ Corinne lo máa wá fi ara bò mí tí òtútù bá wọlé?"

"Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ wá sùn nílé mi."

"Ta ló ní ilé tó ń lọ sùn nílé onílé?"

Mo bi Réal bóyá ẹ̀rọ tó máa ń han bí gáàsì olóró inú èéfín bá wà nínú ilé wà níbẹ̀. Ó ní ó wà, lókè, kò sì han rí.

"Ṣé òkè ni Màmá ń sùn ni?"

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ wọ́n. Tí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀ka igi yẹn, ilé ò ní gbà wá. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, màá fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ ọ́."

Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, kí wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n pa á lójú mi. Mo pe àwọn panápaná, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti lọ síbi tí omi ti bo ọ̀nà, wọ́n ní àwọn á yà bí àwọn bá ń bọ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí mo ti padà sílé, òtútù mú Màmá. Wọ́n ní àwọn ò lè gbọ̀n nínú ilé ara àwọn nítorí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Réal bá tan ẹ̀rọ náà padà, ó ní díẹ̀ péré ni. Odile ló gbé tíì lọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ara wọn ti tutù.

Àwọn panápaná, tí kò ráyè yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ló wá kó ẹ̀ka igi náà kúrò. Yìnyín tó já ti fa páìpù yọ lára ògiri. Lábẹ́ ibẹ̀, òtútù ti la ìpìlẹ̀ ilé, ihò náà gba ọwọ́ ọmọdé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Gáàsì tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí, ló gba ibẹ̀ wọ yàrá Màmá.

Níbi ìsìnkú, àwọn kan ń sọ pé ọlọ́jọ́ ló dé. Inú bí mi. Ọlọ́jọ́ kọ́, páìpù ló yọ, ẹnì kankan kò sì wò ó.

Réal kò bá wọn jiyàn. Ó sọ fún mi pé, "Ìbínú Màmá ni mò ń sá fún, Ẹ̀gbọ́n. Ká ní mo kó o ni, wọn ì bá máa bú mi báyìí. Ǹ bá jókòó síbẹ̀ kí n máa gbọ́ èébú."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má dúró de odò. Bí òjò dídì bá ti ń yọ́, ẹ kó ẹ̀ka igi kúrò lẹ́sẹ̀ ilé, kí ẹ sì fi ojú ọ̀sán yí ilé yín ká. Ojú páìpù èéfín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ṣé ó dúró gbọn-in, ṣé nǹkan kan kò dí i? Ẹ dúró sílẹ̀ wo òrùlé àti bíríkì ibi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ má gun àkàbà lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ògiri tó sán, àtẹ̀gùn tí ilẹ̀ dídì ti gbé sókè, ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ tó ń da omi sídìí ilé, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kó wá tún un ṣe. Ẹ̀rọ tó ń han, ẹ gbé e sí ibi tí èèyàn ń sùn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń dún.

Bí orí bá sì ń fọ́ ọ nílé, tó ń fi ọ́ sílẹ̀ níta, má wá oògùn. Jáde, kó o pe panápaná, má sì padà wọlé títí wọ́n á fi ní ó dára. Mú ìyá rẹ jáde pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú ọ bọ̀ láti yàrá dé ojú ọ̀nà.