Olú Ẹ̀yìn Ọrùn

Ọkọ àǹtí mi kì í làágùn mọ́ látìgbà tó ti igbó dé. Lagilagi ni. Wọ́n ní igi wó lù ú níbi iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá òkú rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Àǹtí mi ti sunkún rẹ̀ tán, ó ti ń wé ìborùn dúdú ọ̀fọ̀, kí ọkùnrin náà tó ṣílẹ̀kùn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní kí wọ́n bu omi fún òun mu. Gbogbo ilé yọ̀. Èmi nìkan ni mo sọ pé ó ń rùn bí igi tútù, wọ́n sì ní kí n panu mọ́.

Ìtì igi kan wà lẹ́yìnkùlé wa, níbi ibòòji. Àràárọ̀ ni àǹtí mi ń wọ́n omi sí i kí olú lè hù lára rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn kàn án. Kó tó se olú kankan, á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé jẹ. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ara ìdí rẹ̀. Á wá da ọ̀kan dé orí ìborùn dúdú yẹn, torí ó ní iṣẹ́ tó kù fún ìborùn náà láyé nìyẹn, á fi abọ́ bò ó. Tí lẹ́búlẹ́bú tó jábọ́ lára olú náà síbẹ̀ bá funfun, ó di ọbẹ̀.

"Òkú igi nìkan ló ń hù lé," ó máa ń sọ. "Ohun tó bá ṣì ń mí kì í gbà á."

Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ sùn lọ, ó dorí kọ tábìlì. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo já olú kékeré kan, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sáré lọ.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó o! Ọkọ yín ti di ìtì igi!"

"Ọmọ burúkú. Ìwé lo kọ̀ tí o ò kà mọ́, ọrùn ọkọ mi lo wá sọ di síléètì."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣí olú náà kúrò. Ó fa kọ́là ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Mélòó lo lẹ̀?"

"Ọ̀kan ni."

Àwọn tó kù tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n lọ títí wọnú ẹ̀wù. Kò sí gọ́ọ̀mù lára wọn. Àǹtí mi tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ wọn. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí. Ó já ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ kò mira. Àǹtí mi da olú náà dé orí ìborùn, ó fi abọ́ bò ó, ó jókòó tì í. Nígbà tó ṣí i nírọ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú náà funfun báláú.

"Àǹtí," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé irú tẹ̀yìnkùlé wa ni?"

"Òun ni." Kò wojú mi.

"Ìyàwó mi," ọkọ rẹ̀ pè láti inú yàrá, "òùngbẹ mà ń gbẹ mí o."

Mo rò pé yóò figbe ta. Mo rò pé yóò tún wé ìborùn yẹn. Ó kàn gbọn lẹ́búlẹ́bú náà nù, ó ká ìborùn náà, ó sì fi pa mọ́.

"Gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé," ó sọ fún mi. "Ẹ̀gbẹ́ ìtì igi. Má jẹ́ kí oòrùn kàn án."

Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi í jókòó. Ó bu omi sínú abọ́, ó ń fọwọ́ wọ́n ọn sí i lọ́rùn díẹ̀díẹ̀.

"Ṣó ti tó, ọkọ mi?"

"Ó ku díẹ̀."