Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Lẹ́tà Kassimou

Lọ́jọ́ tí ìjọba Faransé dá Karimath sílẹ̀ lóko ẹrú, ẹnikẹ́ni kò tíì rà á rí láyé rẹ̀. Ẹ má rò pé mo ṣì í sọ. Ọjọ́ Alámísì ni, ní Tchaourou, kí ọkọ̀ ojú irin tó mọ ọ̀nà ìlú wa, nígbà tí kọmandáń aláwọ̀ funfun máa ń gẹṣin wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti dájọ́ lábẹ́ igi ọdán iwájú ààfin.

Kassimou ni ọkọ Karimath. Oníṣòwò obì ni, ó máa ń bá ọ̀wọ́ àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí Gọ̀ńjà. Ọ̀nà ibẹ̀ ló ti rí obìnrin yìí. Djougou ni wọ́n ti so yìgì wọn, níwájú àwọn èrò ọ̀nà tí kálukú ti bá tirẹ̀ lọ. Ó mú un wọ Tchaourou pẹ̀lú ilà ojú tí ará ilé kan kò mọ̀.

Ní ìrìn-àjò rẹ̀ tó kẹ́yìn, àìsàn dá Kassimou wólẹ̀ ní Djougou. Nígbà tó rí i pé òun kò ní í délé mọ́, ó pe akọ̀wé kan, ó sọ̀rọ̀ fún un ní Yorùbá, ìyẹn sì fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ sílẹ̀. Àjàmí ni àwọn áàfà ń pe irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Èrò ọ̀nà tó gbé lẹ́tà náà wálé wà níbẹ̀ nígbà tí Kassimou ń sọ̀rọ̀. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún Karimath, ó jẹun, ó sì bá ọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi túfọ̀ Kassimou.

Karimath ṣe tákàbà rẹ̀ pé, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá. Bó ṣe jáde báyìí ni Bassirou, àbúrò Kassimou tó ti di olórí ilé, sọ pé òun kò mọ yìgì kankan. Ó ní ẹrú ni ẹ̀gbọ́n òun rà bọ̀ láti ọ̀nà, pé toyún-toyún ló rà á, àti pé Saliou, ọmọ ọdún kan tó pọ̀n sẹ́yìn, kì í ṣe ọmọ ilé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú! Ọmọ tó jọ Kassimou bí ìmumu. Karimath ò bá a jà. Ó ní òun á lọ sọ́dọ̀ kọmandáń, kí gbogbo ayé lè gbà pé ọmọ Kassimou ni Saliou. Òun gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà náà lọ.

Bassirou ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nínú gbárìyẹ̀ tí wọ́n kó iṣẹ́ sí lọ́rùn, láwàní rẹ̀ funfun báláú. Kọmandáń jókòó sórí àga tí wọ́n ń ká, Ọba jókòó sórí awọ rẹ̀. Láàárín wọn ni Ọlátúnjí dúró sí, ògbufọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ tí àwọn fadá kọ́ ní ìwé. Karimath kúnlẹ̀ nínú kíjìpá aláró tó ti ṣá.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Kọmandáń, ẹ kú ìjókòó. Ohùn ọkọ mi ló wà nínú ìwé yìí. Ẹ bá mi kà á, kí ará ilé gbọ́.”

Wọ́n gbé e fún Áàfà Zakirou. Ọmọ Dendi ni bàbá yìí. Kò sẹ́ni tó mọ lẹ́tà Lárúbáwá tó o ní gbogbo àgbègbè wa, ṣùgbọ́n Yorùbá ọjà ni Yorùbá rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì kà á bí ẹni ń ka Kùránì:

“Kassimou ló kí ilé. Ẹrù obì mẹ́ta ń bọ̀ lọ́nà. Karimath, ẹrú mi ni. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.”

Háà!

“Ẹrù!” Karimath fò dìde. “Áàfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù ló wí! Ẹrù tí èèyàn ń rù lórí! Ó ní ẹrù òun ni mí, pé ọrùn òun ni mo wà!”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ mọ̀ pé ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì. Kí ohùn ó lọ sílẹ̀, aya tí ọkùnrin fi orí ara rẹ̀ rù ni. Kí ó gòkè, èèyàn tí wọ́n rà lọ́jà ni. Ọlátúnjí túmọ̀ rẹ̀ fún kọmandáń, òógùn bò ó. Kọmandáń béèrè bóyá àmì kan wà nínú ìwé tó lè là á.

Áàfà gba lẹ́tà náà padà, ó gbé e sún mọ́ ojú. “Olúwa mọ̀ pé n kò ní í purọ́,” ó wí. “Àmì tó ń sọ bí ẹnu yóò ṣe là wà níbí. Èyí tó ń sọ bí ohùn yóò ṣe gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀, kò sí. Àwọn Lárúbáwá tó ni lẹ́tà yìí kò lò ó ní èdè tiwọn.”

“Ẹ wo ẹrù obì nínú rẹ̀, bàbá,” Karimath wí. “Ṣé wọ́n kọ ọ́ yàtọ̀ sí tèmi?”

“Bákan náà ni.”

“Ṣé àwọn obì náà jẹ́ ẹrú ni?”

Ọba bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìlú bá a rín in. Wọ́n ti ń kí Karimath kú oríire. Kọmandáń kọjú sí Bassirou, ó ní ṣebí ó mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èwo ló máa sọ nínú méjèèjì?

Bassirou wolẹ̀. “Ohun tí áàfà kà ni mo gbọ́.”

Ẹnu ẹ̀ ò yà! Ó mọ̀. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n ti dàgbà, ó mọ̀.

Kọmandáń ronú díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ó ní ẹrú ò sí mọ́ nílẹ̀ Faransé. Bí obìnrin yìí bá jẹ́ ẹrú, òun ti dá a sílẹ̀ lónìí, tòun tọmọ. Bí kò bá sì jẹ́ ẹrú, ìwé òmìnira kò ní í pa á lára. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́ mú òǹtẹ̀.

“Dá mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ta ni?” Karimath bi Ọlátúnjí. “Lọ́wọ́ ọkọ mi?”

Ọlátúnjí tẹ́ ìwé òmìnira síwájú kọmandáń.

“Ọmọ mi ńkọ́? Wọ́n ń dá ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tó bí i?”

Ó kù kí wọ́n kọ orúkọ ilé sórí ìwé. Karimath ní kí wọ́n kọ Kassimou. Bassirou ké pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ilé àwọn síbẹ̀. Òrùn ti ń mú, ẹṣin kọmandáń ti ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ni kọmandáń bá fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí nínú lẹ́tà. Ó ní ìyẹn náà tó fún orúkọ. Ọlátúnjí ki gègé bọ tàdáwà, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà Faransé: Erou.

“Ẹrù ni mo ní lọ́kàn, ìyá,” ó rọra wí. “Ẹ má bínú.”

“Ta ló máa rí ọkàn rẹ nínú ìwé?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Karimath pọn Saliou lọ sí Alafiarou, ó sì bá àwọn àjèjì dáko iṣu níbẹ̀ títí ó fi kú. Ilé Kassimou ò ránṣẹ́ sí i rí. Saliou dàgbà, ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ bímọ, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ Erou.

Lọ́dún tó kọjá, Latifath, ọ̀kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ Saliou, fẹ́ ṣègbéyàwó ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Wọ́n ti so yìgì nílé, ó ku ti ìjọba. Àwọn ẹbí ọkọ kún ìjókòó fọ́fọ́. Òṣìṣẹ́ mérì, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣí ìwé ńlá, ó sì fi ohùn rara pè é: “Madame Ẹrú Latifath!”

Ìyá ọkọ rẹ̀ yíjú padà sí i.

“Ẹrù ni, ọ̀gá,” Latifath wí.

“Kò sí àmì kankan níbí, àǹtí.”

Nígbà tí wọ́n fún un ní bírò láti fọwọ́ sí i, kò fọwọ́ sí i. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fa ìlà kékeré kan sórí lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ náà, ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ figbe ta pé ó ti ba ìwé ìjọba jẹ́. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ òmíràn jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀. Erou, láìsí àmì. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ò ní irú ìlà yẹn.

Farid ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Latifath sunkún, ó ní, “Latifath, fọwọ́ sí i ká máa lọ ilé, orúkọ lásán ni.” Latifath gbé bírò kalẹ̀, ó jáde.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, yìgì nìkan ló wà láàárín òun àti Farid, àwọn tó sì jẹ́rìí rẹ̀ ti tú ká lọ sí Kútọ̀nú àti Èkó. Ó ti bímọ ọkùnrin kan fún un. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo bi í pé bí nǹkan bá ṣe Farid ńkọ́, kí ni yóò fi han ẹbí ọkọ pé aya ni òun? Ó ní Farid ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún òun.