Abẹ́rẹ́ Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Kọjá

Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ilé iṣẹ́ ni aránṣọ dúró sí, ó ń fi ìka ka ọjọ́. Ó kà á títí, kò bá a mu. Oṣù kejì rèé tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò sì tíì mọ̀ ọ́n rìn.

Kó tó wá sílùú onílùú, abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí ló ń gbà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọjọ́ èyí tó kàn ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ní ilé ìwòsàn máa ń béèrè ìwé ìgbélùú, tiẹ̀ kò sì tíì jáde.

Obìnrin tí wọ́n jọ ń ránṣọ rọra ki hóró oògùn mẹ́rin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Gbé gbogbo ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, á wálẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, ó bu omi nílé ìdáná. Àǹtí agbálẹ̀, aládùúgbò wọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, wọlé bá a.

"Kí lò ń lò yẹn?"

"Orí ló ń fọ́ mi, mà."

"Orí fífọ́ wo ló ń gba hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan?"

Ló bá bú sẹ́kún, ó sì tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá wọn."

"Ta ló kọ ọ́ fún ọ? Kí lorúkọ oògùn náà? Ṣé o tiẹ̀ mọ̀ bóyá o lóyún? Nítorí ìwé, o fẹ́ fẹ̀mí ara ẹ ta tẹ́tẹ́!"

Ó gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá kọjá ni aránṣọ ń kọjú sógiri. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè: "Ìgbà wo lo gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?" Ọ̀rọ̀ ìwé kò tiẹ̀ wáyé.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún náà gùn ju ìrìn àjò tó gbé e wá lọ.

"Àyẹ̀wò yìí ò rí oyún," ni nọ́ọ̀sì wí. "Abẹ́rẹ́ yẹn lè da nǹkan oṣù rú, kódà lẹ́yìn tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kọjá. Àmọ́ má tíì jó o. Ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù, kó o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún àyẹ̀wò kejì."

"Tí ọkọ mi bá bínú ńkọ́?"

"Mú un wá. Àga wà fún un."

Nílé, aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọkọ wá lóòótọ́, eruku ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyàwó lọ. Àyẹ̀wò kejì náà kò rí oyún. Aránṣọ yan ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tó máa ń lo ọdún mélòó kan.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà nílùú onílùú, bí nǹkan oṣù bá pẹ́, àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má gbé oògùn tí kò lórúkọ mì. Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ yín sínú fóònù, ẹ mú káàdì ìfètòsọ́mọbíbí yín dání tẹ́ ẹ bá ń kó lọ. Tí ọ̀rọ̀ ìwé bá ń bà yín lẹ́rù, òṣìṣẹ́ ìlera ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Abéèrè kì í ṣìnà.