Orin tí Ìka Hobart Bí

Níbi tí àwọn aládùúgbò ti péjọ bó ẹ̀wà tútù, lórí òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, ni Delphia ti kọ́kọ́ rí Hobart. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ta gòjé, ẹ̀wà tí wọ́n kó síwájú rẹ̀ kò dín rárá.

"Ṣé orin ló máa bá ẹ bó o ni?" Delphia bi í.

"Ìwọ bá mi bó o, kí n máa ta gòjé fún ẹ."

Ẹ̀fẹ̀ ni Delphia fi í ṣe, àfi bó ṣe di ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n díákónì ni bàbá Delphia, Ananias Stidham. Lójú tirẹ̀, ohun èlò èṣù ni gòjé. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi, kó ju gòjé nù," ló wí. Hobart gbé gòjé lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn òkè, ó gbé Delphia níyàwó, ó sì wọ iṣẹ́ wíwa èédú nínú ihò ilẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Hobart á dé, á wẹ èédú kúrò lára, á jẹ búrẹ́dì àgbàdo, á dákẹ́. Ó rẹ òun, ó rẹ ìyàwó. Nígbà tí ibà pa ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, wọn kò rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ. Ẹkún pàápàá ti sú Delphia.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ọmọ náà, Delphia wọ bàtà, ó gun òkè lọ sílé ẹ̀gbọ́n Hobart. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó padà dé. Ó gbé gòjé lé ọkọ rẹ̀ lórí itan.

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Mo ti gbọ́ ti bàbá mi fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́ báyìí, olólùfẹ́ mi."

Ìka Hobart ti le bí igi, kò lè sáré lórí okùn mọ́. Ó fa ọrun gòjé, ó sinmi, ó tún fà á, mẹ́ta, mẹ́ta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Báyìí ni orin ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń ta níbi ìgbéyàwó lágbègbè wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa sáré ta á. Wọn kò mọ̀ pé ìka tó ti rẹ̀ ló bí i.

"Kò dùn," Hobart wí.

"Tún un ta." Omijé ti ń dà lójú Delphia.

Ni Bàbá Ananias, tó ti gbọ́ ìró gòjé láti ojú ọ̀nà, bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Hobart fẹ́ dìde. Delphia di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ẹ wọlé, Bàbá, tàbí kí ẹ máa lọ. Ọkọ mi kò ní dákẹ́ mọ́ nínú ilé yìí."

Bàbá arúgbó náà kò wọlé. Kò sì lọ. Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́.