Búrẹ́dì tí Ignacy Bù

"Kornelia, ṣé aṣọ àwọn ìyá àgbà yẹn náà lo tún fẹ́ lọ wọ̀?" Brandon rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. "Jẹ́ ká lọ wo fíìmù, jàre."

Ọkàn Kornelia yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Poland ní Chicago ni wọ́n dúró sí. Ignacy, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ijó, ti ń retí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Láti ìgbà ooru ni wọ́n ti ń kọ́ ijó àpèjẹ Kérésìmesì yìí. Ṣùgbọ́n ta ni Ignacy lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin tí gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì ń fojú wá? Ó tẹ̀lé Brandon.

Ní ilé sinimá, àwọn ọ̀rẹ́ Brandon fa rìbọ́nù pupa tó ti wé mọ́rí fún ijó. "Ṣé ẹ̀bùn Kérésìmesì lo dì mọ́rí ni?" Brandon gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ tó ń jó lọ́kàn Kornelia kú fin-ín bí àbẹ́là tí afẹ́fẹ́ fẹ́ pa. Ó dìde, ó sáré nínú yìnyín padà sí gbọ̀ngàn.

Ijó ti parí. Màmá Wiesława, olùkọ́ ijó wọn, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ ọlọ́lá, o káàbọ̀! Ignacy nìkan ló jó, tó ń dì mọ́ afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọdé fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ṣé èmi lo já kulẹ̀ ni?"

Àsìkò opłatek ti tó, búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí oníkálukú ń bù nínú ti ẹnìkejì, tí wọ́n á fi súre fún ara wọn kí wọ́n tó jẹun. Ẹni tí inú ń bí sí ọ lè kọ̀ tìrẹ. Kornelia dúró níwájú Ignacy, ó na búrẹ́dì tirẹ̀ sí i.

"Mo dalẹ̀ rẹ, Ignacy. Mo dójú tì ọ́. Dákun."

Ignacy wo búrẹ́dì náà, ó wo ojú Kornelia. Lẹ́yìn náà, ó bù nínú búrẹ́dì Kornelia.

"Ọdún á yabo fún ọ," ó ní. "Àmọ́ tó o bá tún sá, ìgbálẹ̀ ni màá bá jó. Ìyẹn kì í lọ sinimá."

Ẹ̀rín sọ. Màmá Wiesława ò rẹ́rìn-ín: "Títí di Ọjọ́ Àjíǹde, ìlà ẹ̀yìn lo ti máa jó."

"Ẹ ṣé, mà," Kornelia dáhùn, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti yé e wàyí: odò tó bá gbàgbé ìsun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹni tí kò fẹ́ràn ibi tó o ti ṣẹ̀ wá, kò tíì fẹ́ràn rẹ. Ìlà ẹ̀yìn láàárín àwọn ẹni rẹ sì dùn ju iwájú láàárín àwọn ẹlẹ́yà lọ.