Òkú Tó Béèrè Omi

Máìkì wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Lójú aṣọ funfun tó wà níwájú gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, eruku bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ó dúró níwájú ọ̀tá rẹ̀. Bí ètè rẹ̀ ṣe mì báyìí ni mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Mo ti rìn jìnnà kí n tó rí ẹ." N ò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó wá di pé àwọn méjèèjì kàn ń wo ara wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan, mo fi tèmi kún un: "Inú ń bí i o! Ó ti fẹ́ yọ ìbọn o!"

"Ó tó," Bàbá Àgbà ké sí mi láti ojú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ lókè. "Gbé máìkì fún àbúrò ẹ."

Bàbá Àgbà ni bàbá tó bí màmá mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń fi sinimá hàn nínú gbọ̀ngàn yẹn. Fíìmù ń wá, fíìmù ń lọ, àmọ́ ẹyọ kan ò lọ rí. Fíìmù kaboi ni, àwọn ará Ítálì ló ṣe é láyé àtijọ́. Wọ́n múra bí ará Amẹ́ríkà, wọ́n dé fìlà Amẹ́ríkà, àmọ́ bí wọ́n bá la ẹnu, èdè Ítálì ni. Ẹlẹ́ṣin Eléruku ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè yẹn lọ́dọ̀ wa, Bàbá ló máa ń gbé máìkì, táá máa bá wọn sọ ọ́ ní èdè wa. Òun ni kaboi, òun ni olè, òun ni opó, nígbà míì pàápàá òun náà ni ẹṣin.

Ní ọjọ́ Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìjókòó kì í tó. Àwọn ìyá tó ti ń wò ó kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ ṣì ń wá, wọ́n á sì di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ ẹni tó máa ṣubú. Mo bi Bàbá lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ṣì ń wá wò. Ó ní, "Lọ jókòó sáàrin wọn. Má wo fíìmù o, ojú wọn ni kó o wò." N ò lọ. Kí ni mo fẹ́ wò lójú èèyàn?

Ọdún yẹn ni ohùn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ha, dókítà sì ní kó fún ọ̀fun rẹ̀ nísinmi. Bàbá á ṣì máa yí ẹ̀rọ, àmọ́ ẹlòmíì ló máa sọ̀rọ̀. Nínú àwa méjì ló ti fẹ́ yan ẹnì kan. Èmi rèé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí gbogbo ilé ń pè ní Adájọ́ torí pé mi ò lè gbọ́ àṣìṣe kí n dákẹ́. Mo ti wo fíìmù náà ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹnì kejì ni Jẹ́jẹ́, ọmọ àbúrò màmá mi, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ọdún tó kọjá. Kò tíì wò ó tó ìgbà mẹ́wàá.

Jẹ́jẹ́ gba máìkì. Ó fo gbólóhùn kan odindi, mo sì rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì wá ń wo ara wọn, tí ojú wọn kún aṣọ funfun náà, tí eṣinṣin kan ń rìn létí ìmú ọ̀kan, Jẹ́jẹ́ gbé máìkì kúrò lẹ́nu, òun náà ń wò wọ́n. Káfíńtà tó ń tún àga ṣe lẹ́yìn gbọ̀ngàn gbé òòlù sókè, kò gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Jẹ́jẹ́ ló máa sọ ọ́," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ó fo gbólóhùn kan!"

"Mo gbọ́."

"Èmi ò fo nǹkan kan!"

"Mo gbọ́ ìyẹn náà. O mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ọmọ mi. Ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ ni o ò mọ̀."

Mo jowú. N ò ní fi bò. Owú náà le débi pé bí Jẹ́jẹ́ bá ń jẹun, ìró ẹnu rẹ̀ ń bí mi nínú. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa rò pé èmi ló ń rín. Ó wá bá mi ní yàrá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní gbólóhùn tí mo fò yẹn." Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ tó o ti di ọ̀gá? Kí ni mo tún fẹ́ kọ́ ẹ?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú agolo pẹlẹbẹ márùn-ún ni wọ́n ká fíìmù náà sí, nọ́ńbà wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń nu eruku ara wọn ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo ṣí agolo kẹta àti ìkẹrin, mo gbé ti inú èyí sínú ìyẹn, mo dé wọn padà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ Jẹ́jẹ́ lẹ́nu lójú gbogbo èèyàn.

Ohun kan wà tí mo mọ̀, tí n ò rò. Ojú Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti sọ fún un pé iná inú ẹ̀rọ yẹn lè jó èèyàn. "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá ṣi nǹkan gbé níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn ti di tèmi nìyẹn." Bàbá gbà. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ọrùn, ó ń fi yangàn káàkiri ilé.

Sátidé dé, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀rẹ́ kaboi, bàbá arúgbó olójú kan, kú ikú ìbọn, wọ́n sin ín, wọ́n gbé fìlà rẹ̀ lé orí sàréè. Bàbá pààrọ̀ agolo. Ni òkú bá yọ lórí ìbaaka, ara rẹ̀ le koko, ó dúró létí kànga, ó nawọ́ ife, ó ń béèrè omi. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Òùngbẹ ń gbẹ òkú o!" ni ẹnì kan ké.

Mo ń wo Jẹ́jẹ́. Ó gbé máìkì kúrò lẹ́nu, ó ya ẹnu sílẹ̀. Inú mi dùn, ó dùn gan-an. Àmọ́ ó gbé máìkì padà sẹ́nu, ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn mi. Kaboi ló ń rántí ọ̀rẹ́ ẹ̀ yìí, bó ṣe wà kó tó kú." Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìyá kan tó wà níwájú mi fi etí gèlè nu ojú. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Jẹ́jẹ́ bí wọn ò ṣe pa á fún Bàbá rí.

Màmá mi ò pàtẹ́wọ́. Ó gòkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ, mo tẹ̀ lé e. Bàbá gbé agolo sún mọ́ ojú. "Mẹ́ta ni mo kà," ló ń sọ. "Mẹ́ta ni mo rí." Màmá mi ní, "Bàbá, a ti sọ ọ́." Bàbá bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó fún un, kò jiyàn.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò kúrò lórí àga pálọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí a ti ilé ìwé dé, ó gbé kàlẹ́ńdà sí mi lọ́wọ́. "Ìwọ tí kì í ṣàṣìṣe, wo nọ́ńbà yìí. Mẹ́jọ ni mo rí. Ṣé mẹ́jọ ni?" Mo ní mẹ́jọ ni. Ó ní, "Kì í ṣe ojú mi nígbà náà. Orí mi ló ti ń lọ." Omi lé sí i lójú. N ò rí ẹkún Bàbá rí láyé mi.

Màmá mi ń múra ibi iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ń lọ aṣọ ilé ìwé wa. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni. Mo pààrọ̀ ti inú agolo méjèèjì."

Bàbá ń wò mí, mo ń wò ó. Àlàyé kún ẹnu mi: pé mo ti mọ fíìmù yẹn láti kékeré, pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, pé n ò ní in lọ́kàn fún un. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo jẹ́ kó máa wò mí.

"Ojú mi ò ṣàṣìṣe?" ó béèrè nígbà tó yá.

"Rárá, Bàbá. Mẹ́ta lẹ kà, mẹ́ta ló wà lára agolo."

Ó mí kanlẹ̀. Màmá mi yọ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, òun náà kúnlẹ̀, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Jẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Èmi lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó padà sídìí aṣọ tó ń lọ, tirẹ̀ nìkan ló sì lọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Bàbá ní n ò gbọ́dọ̀ tẹ yàrá ẹ̀rọ fún ọdún kan. Àárín èrò ni kí n máa jókòó. Nígbà tí Sátidé ìparí oṣù tún dé, mo jókòó, mo sì yí ojú mi kúrò lára fíìmù. Àsìkò tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn ń wo ara wọn dé, Jẹ́jẹ́ gbé máìkì kúrò lẹ́nu. Mo rí káfíńtà tó di àga mú. Mo rí ìyá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ya ẹnu bákan náà. Gbogbo wọn mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mí. Èmi náà ò mí. Ìyẹn ni wọ́n ń wá láti ogójì ọdún, èmi ni mo sì máa ń fi ariwo bà á jẹ́ fún wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kà á, ẹ má jẹ́ kí ìlara rán yín níṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ni mo dojú ìjà kọ, Bàbá Àgbà ló fara gbọgbẹ́. Bí owú bá mú yín, ẹ sọ ọ́ jáde fún ẹni tó lè gbà yín nímọ̀ràn, kí ọwọ́ yín tó ṣe ohun tí ẹnu yín máa padà wá jẹ́wọ́.

Nígbà tí èrò ń jáde, Jẹ́jẹ́ wá dúró tì mí. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo tún fo gbólóhùn yẹn, àbí?"

Mo ní, "O fò ó." Mo sún fún un lórí àga, mo sì kọ́ ọ.