Kí Ló Dé Tí Kì Í Ṣe Òdo?

Ìjà ni Ọláyanjú gbé wọ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Mafoluku lọ́jọ́ tí Lateefah kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ̀rọ yín ni kò dáa! Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́, mi ò gbà á!"

Lateefah, tó ń dúró kí wọ́n yẹ tirẹ̀ wò lórí bẹ́ǹṣì, fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Nimotallahi kò bá a jiyàn. "Bàbá, láti òdo dé ẹ̀wá, mélòó lẹ máa fún lílo oògùn yìí? Òdo ni pé kò kàn yín rárá. Ẹ̀wá ni pé ẹ ò lè fi ṣeré."

"Mẹ́ta."

"Kí ló dé tí kì í ṣe òdo?"

Ọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀. "Ó wù mí kí n rí ìgbéyàwó Kọ́lá, ọmọ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe Lateefah, ìfẹ́ sì gba inú àánú náà wọlé. Ìfẹ́ ò kúkú mọ ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí ilé àríyá. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ pa ọkọ rẹ̀, Sàláúdéènì, awakọ̀ tírélà. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù mẹ́ta lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, tí kò fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni Lateefah ń pariwo lé e lórí.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, Ọláyanjú, tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, ti ń fi oríkì pè é. "Àbẹ̀kẹ́ mi, jẹ́ ká fẹ́ra."

Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọge, àmọ́ Abdulhameed, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jakande, fajú ro nígbà tó gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà.

"Ṣé o fẹ́ di opó lẹ́ẹ̀kejì ni? Ẹni ejò bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìwọ ń wá ejò mìíràn lọ!"

Lateefah búra fún un pé Ọláyanjú ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé oúnjẹ lọ bá Ọláyanjú ní géètì. Ibi tó ti ń wá ṣíbí nínú báàgì Ọláyanjú ló ti rí káàdì oògùn mẹ́ta. Kò tíì já ẹyọ oògùn kan kúrò lára wọn.

"Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, etí yín kì í gbọ́!"

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ sí Sàláúdéènì gan-an ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ọláyanjú ti ń wo bàtà.

Ó jókòó tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni oògùn yìí ń ṣe fún yín?"

Ọláyanjú ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìtọ̀ ni. Tí mo bá lò ó láàárọ̀, kì í jẹ́ kí n gbádùn. Èmi nìkan ló wà ní géètì, ilé ìtọ̀ sì jìn. Lọ́jọ́ kan, mo tọ̀ sára. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

Lateefah bú sẹ́kún. Ọláyanjú rò pé òun ló ń sunkún fún, àṣé òkú ni. Sàláúdéènì ló ń rí nídìí tírélà, tí kò ríbi dúró sí tọ̀. "Oògùn yìí ń dà mí láàmú lójú ọ̀nà." Àìmọye ìgbà ló sọ ọ́. Lateefah ò bi í rí pé ìdààmú wo.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Lọ́jọ́ Ajé, a jọ ń lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí. Wọ́n lè bá yín pààrọ̀ rẹ̀."

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́? Láti òdo dé ẹ̀wá?"

Ó wù ú kó purọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mẹ́rin."

Ọláyanjú gbójú sókè. "Kí ló dé tí kì í ṣe òdo?"

"Torí pé mo bi yín, ẹ sì ṣì wà láyé láti dá mi lóhùn."